Ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ kò lè rí ìdáhùn rẹ̀ wò kọ nínú ìwé

Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Rufus Giwa Polytechnic sílẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ lọ́dún 1979, tí Achievers University sì tẹ̀ lé e lọ́dún 2007, kò di dandan mọ́ kí ọmọ Ọ̀wọ̀ tàbí Ọ̀sẹ́ rìn jìnnà kí ó tó kàwé gboyè. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn gboyè yàtọ̀ sí kí ó lè ronú. Olùkọ́ a béèrè ọ̀rọ̀, kíláàsì a dákẹ́ rọ́rọ́, olùkọ́ a ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Lójú tiwa, ìbéèrè gan-an ni ó sábà máa ń ṣàìsàn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọdún Igogo ṣe àpẹẹrẹ. Bí olùkọ́ bá béèrè pé, “Èèwọ̀ wo ni Ọ̀rọnṣẹn ní?”, ẹnì kan yóò ní a kì í lọ ilá lójú rẹ̀, a kì í ju ìdì igi sílẹ̀, a kì í da omi sí àgbàlá. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Bí ó bá ní, “Ǹjẹ́ ọdún náà dára?”, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni yóò gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ó wí báyìí pé: “Ọkùnrin ni Ọlọ́wọ̀, síbẹ̀ ó ń dirun, ó sì ń múra bí obìnrin nígbà Igogo. Ṣé obìnrin ni ìyẹn ń bọlá fún ni, àbí ọkùnrin ni ó tún gba ipò obìnrin? Ẹ fi ohun tí a ń ṣe nínú ọdún náà ti ọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn.” Níbí, ìdáhùn méjèèjì ni ó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, ẹ̀rí sì wà tí a lè tọ́ka sí. Inú lè bí ọmọ ìlú kan. Kò burú, bí ó bá ti lè sọ ìdí rẹ̀.

Ìbéèrè tí ó ti gbé ìdáhùn pọ̀n tẹ́lẹ̀ kò wúlò. “Báwo ni òyìnbó ṣe ba àṣà wa jẹ́?” kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó rò pé wọn kò bà á jẹ́.

Ní Ọ̀sẹ́, ọ̀rọ̀ èdè tó jíròrò lé lórí. Èdè Iyayu ni wọ́n ń sọ ní apá kan Ìdóàní, kì í ṣe Yorùbá. Lọ́dún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Nínú Iyayu, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, èwo ni kí olùkọ́ ibẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, kí sì ni ọmọ náà yóò pàdánù bí a bá mú ọ̀kan? Kò sí ẹni tí yóò dáhùn èyí láìwo iye ìwé tí ó wà, ọjà tí àwọn òbí ń ná, àti ìdánwò tí ń bẹ níwájú.

Lẹ́yìn náà, kí olùkọ́ ní sùúrù. Lọ́dún 1974, Mary Budd Rowe ti Amẹ́ríkà kọ ọ́ sílẹ̀ pé nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni àwọn olùkọ́ ń dúró kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n dúró tó mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ kọ ìlà méjì sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu.