Ta Ló Kọ́kọ́ Dé Ìkàrẹ́, Ta Ló Kọ́kọ́ Dé Ọ̀kà?

Ìwé ìtàn ìlú ní Àkókó kì í pẹ́ dé Ilé-Ifẹ̀. Kí a tó ṣí ojú ewé kejì, ọmọ ọba kan ti gbé adé, ó ti la igbó kọjá, ó sì ti tẹ̀dó sí ìdí àpáta. Àwọn mìíràn ní Ìbíní ni tiwọn gbà wá. Bí ọmọ ọba náà bá ṣèèṣì bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ọdẹ kan ṣoṣo ni, ọdẹ ọ̀hún yóò sì yára júbà.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò wọ́n ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ìlú méjì nílẹ̀ Àkókó. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ló sábà máa ń kọ ọ́, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú a sanwó ìtẹ̀wé, wọn a sì pe ayẹyẹ ìkójáde. Kò ní pẹ́ tí àdúgbò kejì yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó fún tirẹ̀.

Ọ̀ràn oyè ló fà á. Láti ìgbà tí òfin oyè 1957 ti sọ ìdílé tó ń jọba àti àwọn afọbajẹ di ohun àkọsílẹ̀ nílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, ìtàn ti di ìwé ẹ̀rí. Lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976, Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Morgan tún jókòó lé ọ̀ràn oyè, kálukú sì tún kó ìtàn tirẹ̀ dé.

Ní ti ọba, Ìkàrẹ́ ní Olúkàrẹ́, ó ní Ọwá-Alẹ̀. Ọ̀kà ní Olúbàkà, ó ní Asin ti Ọ̀kà-Odò. Ta ni ọ̀gá níbẹ̀? Àwọn kan á ní àwọn làwọn ladé, àwọn kan á ní àwọn làwọn nilẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sábà bi wọ́n ni pé ṣé dandan ni kí ọ̀gá jẹ́ ẹyọ kan.

Ní ayé àtijọ́, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní àgbà tirẹ̀, ó ní òrìṣà àti oko tirẹ̀. Ogun Nupe, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ló há ọ̀pọ̀ wọn mọ́ra lórí òkè. Òyìnbó dé, ó ń wá ẹnì kan tí yóò máa gba owó orí jọ. Àwọn ajẹ́lẹ̀ ń béèrè ta ni olórí. Irú ìbéèrè yìí, ta ni kò ní nawọ́ sókè? Ohun tí wọ́n kọ ní àwọn ọdún 1930 ṣì wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn. Tọ̀tún-tòsì ń lọ síbẹ̀ lọ ṣa èyí tó bá ti wọn mu.

Ti pé Ifẹ̀ tàbí Ìbíní ni gbogbo wọn ti wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo èdè. Àrìgìdì múlé ti Ìkàrẹ́, síbẹ̀ àwọn onímọ̀ èdè kò ka èdè wọn mọ́ ẹ̀ka Yorùbá. Ẹ wo inú ilẹ̀ pẹ̀lú: ní Ihò Eléérú, ní apá Àkúrẹ́, egungun ènìyàn tí wọ́n wú jáde ní 1965 ti lò tó 11,000 ọdún nínú ilẹ̀. Àwọn ènìyàn ti ń gbé apá ibí yìí kí ọmọ ọba kankan tó dìde ní Ifẹ̀. Ọdẹ inú ìwé yẹn ìbá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, bí wọ́n bá fún un láyè.

Ti àgbẹ̀ Ẹ̀bìrà tilẹ̀ tún burú jù. Ìrandíran rẹ̀ ti ń dáko lórí ilẹ̀ Àkókó, ṣùgbọ́n nínú àwọn ìwé wọ̀nyí, ibi tí wọ́n ti ń ka ìṣákọ́lẹ̀ nìkan ni a ti ń pàdé rẹ̀.