Wárápá Kì Í Ràn: Ọ̀rọ̀ Ẹ̀yáwó Kan



Ní ìpàdé wa tó kọjá, ìyá kan tọrọ ẹ̀yáwó láti fi tọ́jú ọmọ rẹ̀ tí wárápá ń gbé ṣánlẹ̀. Owó rẹ̀ pé nínú ìwé, kò jẹ gbèsè. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bèèrè onídùúró, gbogbo ilé dákẹ́. Ẹnì kan tilẹ̀ sún àga kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dùn wá, la bá lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tó ń fa wárápá pọ̀: orí tó fara pa, ọmọ tí ìbí rẹ̀ nira, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Òmíràn sì wà tó ti inú oyún wá. Ẹni tó ti kọ́lé rí ní Àgbàdo mọ bí bíríkìlà ṣe ń to búlọ́ọ̀kù léra. Bẹ́ẹ̀ ni hóró ọpọlọ ọmọ inú oyún ṣe ń to ara wọn ní ìpele 6. Nígbà mìíràn, lójú ibì kan, ìtò náà á dàrú. Ní 1971, Dókítà Taylor àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní London ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí nínú ọpọlọ àwọn onívárápá 10 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún: hóró tó tóbi jù, tó rí wúruwùru, tí kò sí ní àyè rẹ̀. Òmíràn wú bíi rọ́bà tí a fẹ́ atẹ́gùn sí. Iná kékeré ni hóró ọpọlọ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ibi tó dàrú yìí ló máa ń ta pàrà bíi wáyà tó bó, tí ara á sì máa gbọ̀n. Èwo ni ti àjẹ́ níbẹ̀? Ìfófòó ẹnu náà, itọ́ lásán ni. Kì í ràn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayode Osuntokun ti Ìbàdàn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ka àwọn ará Igbó-Ọrà. Ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1987 fi hàn pé bí ènìyàn 5 nínú 1,000 ló ní wárápá. Ó ti wà láàárín wa tipẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àgbo ìtọ̀ màlúù sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń po mọ́ ewé tábà. Ṣe ni ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, tí gìrì á tún le sí i. Ó ti pa ọmọ. Ẹ má ki ẹsẹ̀ ọmọ bọná, ẹ má ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́, ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ilé ìwòsàn ni.

Oògùn wà. Bí wọ́n bá ń lò ó lójoojúmọ́ láìdá a dúró, bíi 7 nínú aláìsàn 10 lè bọ́ lọ́wọ́ gìrì. Ká má parọ́, èyí tó ti inú oyún wá yìí máa ń ṣagídí sí oògùn. Ẹ̀rọ MRI ni wọ́n fi ń wá ojú ibẹ̀, nígbà mìíràn wọ́n á gé e kúrò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Jẹ́nẹ́rà Ìgàndo. LASUTH wà ní Ìkẹjà.

Onídùúró kan ti fọwọ́ sí ìwé ìyá yẹn. Ó ku ẹyọ kan. Ìwé náà wà lórí tábìlì akọ̀wé títí di ọjọ́ ìpàdé.