Bí Àgọ́ Ṣe Di Ìlú: Ìtàn Àgọ́-Ìwòyè àti Ohun Tí Ó Kù fún Wa Láti Tọ́jú

Nínú ìwé ìròyìn wa yìí, ọ̀rọ̀ owó yíyá, ọ̀rọ̀ kòkó àti ọ̀rọ̀ ìṣirò ni a sábà máa ń sọ. Lọ́tẹ̀ yìí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìtàn ìlú. Kì í ṣe pé a fi iṣẹ́ wa sílẹ̀ o. Ẹni tí kò mọ ohun tí ó kó àwọn baba rẹ̀ jọ, kì í pẹ́ tí yóò fi tú ohun tí wọ́n kó jọ ká. Ìlú tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni Àgọ́-Ìwòyè, nítorí pé orúkọ ìlú náà nìkan ti tó ẹ̀kọ́ fún ọmọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀.

ORÚKỌ NI ÌWÉ ÌTÀN ÀKỌ́KỌ́

Àgọ́ kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń lọ pẹ̀lú èrò pé òun yóò kú síbẹ̀. Ibi tí ọmọ ogun bá sọ̀ sí, tàbí ibi tí ẹni tí ogun lé bá ti sinmi, ni à ń pè ní àgọ́. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ orúkọ ìlú tí ó ní "àgọ́" nínú, ó yẹ kí á béèrè pé: ta ni ó kọ́kọ́ sọ̀ síbẹ̀, kí sì ni ó lé wọn dé ibẹ̀?

Àgọ́-Ìwòyè kò dá nìkan wà nínú èyí. Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí, Àgọ́-Ọjà ni wọ́n ń pè é kí Aláàfin Àtìbà tó sọ ọ́ di olú-ìlú lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé fọ́. Ìbàdàn pàápàá, àgọ́ ogun ni ní nǹkan bí ọdún 1829. Ní 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá kó ara wọn jọ sábẹ́ Òkúta Olúmọ, tí ibẹ̀ fi di Abẹ́òkúta. Ìgbà kan náà ni gbogbo rẹ̀, ìdí rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ìjà tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀ràn ọjà Àpòmù ní nǹkan bí 1817 ni ó di ogun Òwu. Nígbà tí Òwu fọ́, ogun náà ràn dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sì di ìsáǹsá nínú igbó.

Ìletò kékeré kò lè dá dúró ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ìletò tí ó ní ogún ilé, bí gbogbo ọkùnrin ibẹ̀ bá mú àdá, kò tó ìjẹ fún ọmọ ogun tí ó gbé ìbọn. Ohun tí àwọn àgbà Àgọ́-Ìwòyè ń rò ni pé àwọn ìletò tí ó tú ká káàkiri, tí olúkúlùkù ní olórí tirẹ̀, ni ó fi ìmọ̀ ṣọ̀kan tí wọ́n sì kó wá sí ojú kan ní ayé ogun náà, kí ọ̀tá má bàa mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ogun rọlẹ̀, wọn kò padà mọ́. Bí àgọ́ ṣe di ilé nìyẹn.

WỌ́N PARAPỌ̀, ṢÙGBỌ́N WỌN KÒ PARẸ́

Ẹ jẹ́ kí á kíyèsí ohun kan. Bí ẹ bá wọ Àgọ́-Ìwòyè lónìí, ẹ ó gbọ́ orúkọ bíi Ìsámúró, Ìdódè, Ìmẹrẹ, Ìbípẹ̀ àti Ìgàn. Àdúgbò ni wọ́n ń jẹ́ nísinsìnyí, orúkọ kọ̀ọ̀kan sì ní àwọn ìdílé àti àwọn olóyè tí ó dúró tì í. Ẹbùmàwé ni ọba lórí gbogbo wọn. Kò sí ẹni tí ó gba orúkọ ẹnì kejì lọ́wọ́ rẹ̀ kí ìlú tó ṣọ̀kan.

Ìjẹ̀bú-Igbó tí ó wà nítòsí rí bẹ́ẹ̀. Òkè-Sọ̀pẹ̀n, Òkè-Àgbò, Ojówò, Àtìkòrì àti Jápárá ni ó para pọ̀ di ìlú kan lábẹ́ Ọrímọlúsì, olúkúlùkù sì tún ní olórí tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, nǹkan bí ọdún 1872 ni ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké para pọ̀ di Ṣágámù.

Ẹ̀yin alága àti akọ̀wé ẹgbẹ́, ǹjẹ́ èyí kò jọ ohun tí ẹ mọ̀? Ẹgbẹ́ kéékèèké ní abúlé ni ó para pọ̀ di ìṣọ̀kan ẹgbẹ́ ní àgbègbè, àwọn ìṣọ̀kan sì para pọ̀ di àpapọ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní akápò tirẹ̀ àti ìwé tirẹ̀. Àwọn tí ó rò pé òyìnbó ni ó kọ́ wa ní àjọṣe, kí wọ́n tún un rò. Èsúsú, àáró àti ọ̀wẹ̀ ti wà kí òfin tó dé. Ohun tí òfin fi kún un ni ìwé àkọsílẹ̀ àti ìṣirò tí oníbojúwò lè yẹ̀ wò.

OHUN TÍ A FI OJÚ RÍ

Ìtàn kò sí lẹ́nu nìkan, ó wà nínú ilẹ̀ pẹ̀lú. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni Erédò wà, yàrà ńlá tí àwọn baba wa gbẹ́ yí ìjọba Ìjẹ̀bú ká. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà, àwọn ibì kan wà tí ìsàlẹ̀ yàrà sí orí òkìtì rẹ̀ fi tó 20 mítà. Wọ́n so ó mọ́ orúkọ Bilikísù Súngbọ́, ẹni tí ojú oórì rẹ̀ wà ní Òkè-Erì, tí àwọn ènìyàn ń rọ́ lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún. Láti ọdún 1995 ni Nàìjíríà ti fi Erédò sínú àwọn orúkọ tí ó fẹ́ kí UNESCO gbà sí ara ogún gbogbo ayé. Síbẹ̀, àgbẹ̀ tí ó rí i lóko rẹ̀ lè pè é ní kòtò lásán, kí ó sì máa da ìdọ̀tí sí i.

Àwọn ohun mìíràn kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe pàtàkì: igi pèrègún tí ó fi ààlà oko hàn, ìdí igi tí àwọn àgbà ti ń ṣe ìpàdé, ojúbọ ìdílé, kànga àtijọ́, àti ahoro ìletò tí a ti kúrò níbẹ̀. Níbi tí a bá rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àpáàdì nínú igbó, ẹnì kan ti dáná níbẹ̀ rí.

LÁTI IMAGBỌN DÉ ORÍ KÒKÓ

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà ní Imagbọn, wọ́n sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀ràn ọ̀nà òwò ni ó fà á: Ìjẹ̀bú kò fẹ́ kí àlejò máa gba ilẹ̀ rẹ̀ kọjá bí ó bá ṣe wù wọ́n. Lẹ́yìn ogun náà ọ̀nà ṣí. Ìgbàgbọ́, Ìmàle àti ilé-ìwé gbilẹ̀, kòkó sì wọ inú igbó wa.

Kòkó ni ó mú ẹgbẹ́ wa dé. Àgbẹ̀ tí ó dá kòkó rẹ̀ tà, iye tí oníkòkó bá fẹ́ ni ó ń gbà, ọ̀pọ̀ ni ó sì ti jẹ gbèsè sórí kòkó tí kò tíì so. Ní 1934 ni C. F. Strickland kọ àbájáde ìwádìí rẹ̀ nípa bí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ṣe lè fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 1935 ni òfin ẹgbẹ́ jáde. Ní 1953 ni báǹkì ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1986 ni ìjọba fagi lé ìgbìmọ̀ tí ó ń ra kòkó, báǹkì náà sì dara pọ̀ mọ́ àwọn báǹkì mìíràn ní 2006. Ẹ wò ó: àwọn ohun tí a rò pé kò lè yẹ̀ láéláé ti kọjá lọ. Ẹgbẹ́ kéékèèké tí ó wà ní abúlé ni ó kù.

Ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 1982, lábẹ́ Gómìnà Olabisi Onabanjo, wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè. Ní 2001 ni wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ gómìnà náà. Ohun ìdùnnú ni. Ọjà gbòòrò, ilé pọ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ilé bá ti ń pọ̀, oko ń di ilé, katakata sì máa ń fa pèrègún ààlà tu kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ìdí tí ó fi wà níbẹ̀.

ÌDÍ TÍ A FI Ń KÉ GBÀJÀRÈ

A mọ ẹgbẹ́ kan, a kò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn baba tí ó dá a sílẹ̀ dá owó jọ, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n kọ́ ilé ìkẹ́rùsí sórí rẹ̀. Ìwé ilẹ̀ náà àti ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé wà nínú àpótí pákó ní yàrá akọ̀wé. Akọ̀wé kú. Ikán jẹ àpótí náà àti ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí àríyànjiyàn dé lórí ilẹ̀, ẹni kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n san owó ti di arúgbó tí kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Àwa tí a lọ bá wọn parí ọ̀rọ̀ náà rí i pé òótọ́ wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí wọ́n lè fi hàn. Ìdajì ilẹ̀ náà bọ́.

Ohun tí ó ṣe ẹgbẹ́ yìí ti ṣe ẹni ńlá rí. Samuel Johnson, àlùfáà tí ó kọ ìtàn Yorùbá, parí ìwé rẹ̀ ní 1897. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó, ó sì sọnù níbẹ̀. Johnson kú ní 1901 láì rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó ṣa àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù jọ, tí ó tún un kọ, ìwé náà sì jáde ní 1921. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn nílé, ọ̀pọ̀ ohun tí a sọ lókè yìí nípa ogun ni a kì bá tí mọ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìletò kékeré tí kò ní ọjà pàápàá lè dárúkọ àwọn tí ó gbé ibẹ̀ ní irínwó ọdún sẹ́yìn. Kì í ṣe pé wọ́n ní iyè inú jù wá lọ. Ní 1538 ni àṣẹ jáde pé kí ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan máa kọ orúkọ ẹni tí wọ́n bá rì bọmi, ẹni tí ó gbéyàwó àti ẹni tí wọ́n sin. Bákan náà ni àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wa ní Rochdale, tí wọ́n ṣí ilé ìtajà wọn ní 1844: ilé náà ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1931.

OHUN TÍ Ẹ LÈ ṢE KÍ ÌPÀDÉ TÍ Ń BỌ̀ TÓ DÉ

Èyí kò ná ẹgbẹ́ ní owó púpọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ yan ọ̀dọ́ méjì tí ó mọ̀wé, kí wọ́n jókòó ti àgbà tí ó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́. Kí wọ́n béèrè orúkọ àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ibi tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ti wá kí ó tó dé ìlú, àti ààlà ilẹ̀ ẹgbẹ́. Bí ìtàn ìdílé méjì bá takora, kí wọ́n kọ méjèèjì. Kì í ṣe iṣẹ́ akọ̀wé láti dájọ́.

Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ kó ìwé ẹgbẹ́ kúrò nínú àpótí pákó bọ́ sínú ti irin, kí ẹ sì gbé e kúrò nílẹ̀. Ẹ ya àwòrán ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ ìṣọ̀kan ẹgbẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹni tí Erédò tàbí ahoro bá wà lóko rẹ̀, kí ó má ṣe dí i, kí ó sì jẹ́ kí ìlú mọ̀.

Àwọn tí ó kó wá sí Àgọ́-Ìwòyè kò ní ohun ìjà tí ó ju ti ọ̀tá lọ. Ohun tí wọ́n ní ni pé wọ́n mọ ara wọn, wọ́n sì mọ ibi tí olúkúlùkù ti wá. Kí á má jẹ́ kí ìyẹn bọ́ lọ́wọ́ wa. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, ẹ̀yin ènìyàn wa.