Ìdákẹ́jẹ́ máṣíìnì kì í ṣe àlàáfíà: Ẹ yẹ táápẹ́ẹ̀tì ọ̀kadà yín wò

Lẹ́yìn àkùkọ àti ìpè àdúrà, ohùn ọ̀kadà ni ó máa ń jí ènìyàn ní Igbó-Ọrà. Láti Èrúwà dé Igàngán, láti Lánlátẹ̀ dé Ayétẹ̀, òun ni ó ń gbé àgbẹ̀ lọ sóko, òun náà ni ó ń gbé ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ègúsí bọ̀ wá sọ́jà. Bí ìrọbí bá mú aboyún lóru ní abúlé tí mọ́tò kì í dé, ọ̀kadà ni ẹ̀mí méjì máa ń gbára lé. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a sọ̀rọ̀ lórí ohun kékeré kan tí ó ń ba ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì jẹ́ láìtọ́jọ́: àlàfo tó wà lórí fáàfù, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní táápẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀yin àgbà á rántí pé àwọn máṣíìnì àtijọ́ bíi Suzuki AX100, tí ń sun ọ́ìlì pọ̀ mọ́ bẹntiróòlù, kò ní irú fáàfù yìí rárá. Ṣùgbọ́n Honda CG125, tó jáde ní àwọn ọdún 1970, ní i. Bákan náà ni Bajaj Boxer ará Íńdíà, àti ọ̀pọ̀ máṣíìnì ará Ṣáínà tí wọ́n wo ti Honda ṣe.

Fáàfù méjì ló wà nínú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀. Nítorí pé ìlú ìbejì ni Igbó-Ọrà, ẹ jẹ́ ká pe àkọ́kọ́ ní Táyé, ká pe èkejì ní Kẹ́hìndé. Táyé ló ń ṣílẹ̀kùn fún afẹ́fẹ́ àti bẹntiróòlù láti wọlé. Ẹ̀gbẹ́ kábúrétọ̀ ló wà. Kẹ́hìndé ló ń tẹ̀lé e, tó ń lé èéfín jáde sínú sàléńsà. Nígbà tí iná bá fẹ́ ràn nínú ẹ́ńjìnnì, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ tilẹ̀kùn pa pátápátá, kí agbára má baà jò dànù.

Irin máa ń gùn sí i bí ó bá gbóná. Ìdí nìyí tí àwọn tó ṣe máṣíìnì fi fi àlàfo tíń-ń-tín sílẹ̀ láàárín fáàfù àti irin tó ń tẹ̀ ẹ́, kí fáàfù lè ráyè pa dé nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá gbóná. Ti Honda CG125 jẹ́ mìlímítà 0.08 fún Táyé àti Kẹ́hìndé, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Ewé ìwé kan ṣoṣo tí ọmọ ilé-ìwé ń kọ nǹkan sí lè nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé nìyí. Bí àlàfo yìí bá fẹ̀ jù, máṣíìnì á máa dún kẹ-kẹ-kẹ lókè ẹ́ńjìnnì. Ariwo yìí kì í tẹ́ ẹni tó ni ín lọ́rùn. Á gbé e lọ bá mẹkáníìkì, á ní: "Ọmọ mi, bá mi pa ẹnu máṣíìnì yìí mọ́." Èyí á fi sípánà dè é lójú ẹsẹ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń hó, etí nìkan ló fi ń wọ̀n ọ́n. "Ó ti parí, Bàbá. Ẹ gbọ́, ó ti dákẹ́."

Ó dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ náà lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn. Bí àlàfo bá ti fún jù, fáàfù kò ní lè pa dé mọ́. Ìgbà tó bá jókòó dáadáa ni ó máa ń rí ibi da ooru ara rẹ̀ sí. Bí kò bá ti jókòó, iná á máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Kẹ́hìndé ló máa ń kọ́kọ́ jóná, nítorí òun ni èéfín gbígbóná ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde. Ẹ ó rí i pé kíkì á rọ̀ lẹ́sẹ̀, máṣíìnì kò ní fẹ́ jí bó bá ti gbóná, kò sì ní lè gun òkè pẹ̀lú ẹrù. Bẹntiróòlù á sì máa tán kíákíá. Èyí tó ń pariwo ń ké pè yín. Èyí tó fún pa kì í ké títí yóò fi jóná. Ẹ rántí pẹ̀lú pé bí fáàfù ṣe ń jẹ ìjókòó rẹ̀ lọ, àlàfo náà lè máa fún fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ẹni tó bá ní sùúrù lè yẹ̀ ẹ́ wò nílé. Ohun èlò pàtàkì ni fíìlà. Kì í ṣe fìlà orí o. Àwọn irin pẹlẹbẹ tí a so pọ̀ ni, tí wọ́n kọ ìwọ̀n sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń ta ohun èlò mẹkáníìkì máa ń ní i.

Èkíní, òwúrọ̀ ni kí ẹ ṣe é, nígbà tí máṣíìnì ti sùn mọ́jú. Ẹ gbé e dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fi jíà sí fírì, kí ẹ sì nu yanrìn oko kúrò lára ẹ́ńjìnnì kí ó má baà bọ́ sínú rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí sìgá tàbí iná wà nítòsí.

Èkejì, ẹ tú púlọ́ọ̀gì, kí ẹ́ńjìnnì lè rọrùn láti yí. Ẹ ṣí ìdérí orí fáàfù, kí ẹ sì ṣí ìdérí apá òsì tí mágínẹ́ẹ̀tì wà.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi sípánà yí nọ́ọ̀tì àárín mágínẹ́ẹ̀tì lòdì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Ẹ máa wo Táyé. Bó bá ti wọlẹ̀, tó sì tún gòkè padà, ẹ máa yí i lọ díẹ̀díẹ̀ títí lẹ́tà T ara mágínẹ́ẹ̀tì yóò fi bá ààmì ara ẹ́ńjìnnì ṣe déédéé. Ibẹ̀ ni fáàfù méjèèjì ti pa dé.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ti irin fíìlà tó bá ìwọ̀n mu bọ inú àlàfo náà. Ó yẹ kí ó wọlé, kí ó sì máa fà díẹ̀ bí ẹ bá ń yọ ọ́. Bí kò bá wọlé, ó ti fún jù. Bó bá ń mì lọ́tùn-ún lósì, ó ti fẹ̀ jù. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì, ẹ yí súkúrúù kékeré àárín rẹ̀ títí yóò fi ṣe déédéé, ẹ di súkúrúù náà mú, kí ẹ sì wá dè é. Ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí dídè rẹ̀ máa ń sún un kúrò láyè rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ dá gbogbo ìdérí àti púlọ́ọ̀gì padà.

Ẹ má fi ìwọ̀n Honda ṣe ti Bajaj o. Ìwé tó bá máṣíìnì wá ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí ó bá ti sọnù, ẹ béèrè lọ́wọ́ aṣojú ilé-iṣẹ́ tó ń tà á. Ìwé yìí kan náà ló ń sọ iye kìlómítà tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá ń rin kìlómítà 60 lójúmọ́ yóò ti rin 1,800 láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, nítorí náà kí ó má dúró di ìparí ọdún.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tí kíkì ṣì rọ̀, tí máṣíìnì kò sì ní agbára, ó ṣeé ṣe kí fáàfù ti jóná. Ẹ gbé e lọ bá mẹkáníìkì tó mọṣẹ́. A kò sọ èyí láti tàbùkù iṣẹ́ wọn. Ẹ kàn mú fíìlà yín dání, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù ná.

Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kò sí àgbẹ̀ tó ní bẹntiróòlù tí yóò fi ṣòfò. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ẹ tó gbé máṣíìnì jáde lọ́la, ẹ tẹ́tí sí i. Bó bá dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n ná.