Léjà Tí A Háyà

Níbi tí a ti ń lọ yẹ ìwé owó wò, àwọn akọ̀wé ń bi wá bóyá kí àwọn pa léjà tì, kí àwọn máa lo ètò kọ̀ǹpútà tí ń bá ènìyàn ṣírò owó, irú èyí tí àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Amẹ́ríkà ń lò nínú ilé wọn. A kò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń tà á ti yí padà, ó sì yẹ kí a mọ ohun tí a ń sanwó fún.

Tẹ́lẹ̀, rírà ni wọ́n ń rà á bí a ti ń ra léjà lọ́jà: ẹ san owó lẹ́ẹ̀kan, ó di tiyín. Ẹ wo èyí tí wọ́n ń pè ní YNAB. $60 ni ẹ̀dà kẹrin rẹ̀, ó parí. Ní ìparí ọdún 2015 ni ilé-iṣẹ́ náà sọ ọ́ di àsansílẹ̀: $5 lóṣù tàbí $50 lọ́dún. Ní 2021 ó di $98.99 lọ́dún, ní 2024 ó di $109. Ẹni tí ó ra ti àtijọ́, tí ó sì lò ó fún ọdún márùn-ún, $60 náà ni ó ná. Ẹni tí ó bá ń san $109 yóò ná $545 láàárín ọdún márùn-ún. Quicken, tí ó dàgbà jù ú lọ, tí ilé-iṣẹ́ Intuit sì tà ní 2016, gba ọ̀nà kan náà ní Amẹ́ríkà láti ìparí 2017.

Àwọn olùtà náà ní àwíjàre. Báńkì ń yí ọ̀nà tí wọ́n fi ń fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ padà nígbà gbogbo, ẹni tí yóò sì máa tún un ṣe yóò gba owó oṣù. Àwa tí a ń dá owó lóṣooṣù kò lè sọ pé sísan díẹ̀díẹ̀ burú. Ṣùgbọ́n owó tí ọmọ ẹgbẹ́ dá, tirẹ̀ ni síbẹ̀. Owó háyà kì í padà wá.

Ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù ni èyí: ní ọjọ́ tí a kò bá lè san mọ́, ta ni ó ni àkọsílẹ̀ wa? Lórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹni tí ó ń lo Quicken Deluxe ṣì lè ṣí ìwé rẹ̀, kí ó sì máa fi ọwọ́ kọ owó sínú rẹ̀. Ohun tí ń wá láti báńkì ni yóò dúró. Ti Starter tí ó rọjú jù, wíwò nìkan ni. Ní ti YNAB, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ wà, kò sí iṣẹ́ ṣíṣe mọ́ níbẹ̀ àfi kí a tún san.

Ojú wa rí èyí ní 2022, nígbà tí ọ̀pọ̀ báńkì nílẹ̀ wa dá fífi káàdì náírà san dọ́là dúró. Ẹgbẹ́ kan wà tí akọ̀wé wọn ń lo irú ètò háyà bẹ́ẹ̀, lórí káàdì ara rẹ̀. Káàdì kọ̀, ètò tì, ìpàdé gbogbogbò ku ọ̀sẹ̀ méjì. Akápò kò mọ ẹni tí ó jẹ gbèsè. Ọpẹ́lọpẹ́ ìwé kékeré tí ó wà lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni a fi ṣa owó wọn jọ láti inú rẹ̀. Ìyá kan tiẹ̀ fi tirẹ̀ wé ìdí ìró wá.

Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ èyí tí kò gba àsansílẹ̀ lè wo GnuCash: ọ̀fẹ́ ni, fáìlì rẹ̀ sì ń gbé inú kọ̀ǹpútà ẹni. Èyí tí ó wù kí ẹ mú, orúkọ ẹgbẹ́ ni kí ó wà lórí rẹ̀, kì í ṣe ti akọ̀wé. Ní ìparí oṣù, ẹ tẹ owó oníkálukú sórí ìwé, kí akọ̀wé àti akápò fọwọ́ sí i. Ìwé yìí ni a ó kọ́kọ́ bèèrè nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ yín.