Kẹ̀kẹ́ onígíà tó ti pẹ́ lọ́wọ́ yín: Ẹ má tíì pààrọ̀ ẹ̀

Búrẹ́dì àárọ̀ tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn oníbàárà ní Sábó n'Ìkòròdú, ẹja tó ń kúrò lọ́jà Olúwo l'Ẹ̀pẹ́ lọ sí búkà, kẹ̀kẹ́ ológeere lè gbé gbogbo ẹ̀ láì mu epo rárá. Ọ̀pọ̀ irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ onígíà, tí táyà ẹ̀ nípọn, tó jẹ́ tòkunbọ̀. Àmọ́ tó bá ti ń pariwo, tí ṣéènì ẹ̀ sì ń yọ̀, ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sọ́kàn olówó ẹ̀ ni kó tà á fáwọn tó ń ra irin àlòkù, kó sì lọọ ra òmíràn. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ ní sùúrù ná.

Láti ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, owó gbígbé ọjà ti ga gan-an. Oṣù kẹfà ọdún náà ni wọ́n tún jẹ́ kí náírà máa wá ìwọ̀n ara ẹ̀ lọ́jà. Dọ́là kan tí kò tó náírà 500 tẹ́lẹ̀ kọjá 1,500 lọ́dún 2024. Bí kẹ̀kẹ́ sì ti ń tòkè òkun wá, ẹni tó bá ń pààrọ̀ ẹ̀ ṣáá, dọ́là ló ń bá du owó.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé férémù lowó ìdókòwò yín. Ṣéènì, táyà àti rọ́bà bíréèkì, ohun tí wọ́n ń lò tán tí wọ́n ń rà ni. Torí náà, férémù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ nù ún mọ́, kẹ́ ẹ wo gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀, pàápàá nídìí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ àti níbi tí pẹ́dàlì wà, bóyá ó ti sán. Ẹ fi máágínẹ́ẹ̀tì kàn án. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin gidi ni, wẹ́dà tó mọṣẹ́ lè jó o. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ alumíníọ̀mù, jíjó ìyẹn le, ẹ má sì fi férémù alumíníọ̀mù tó ti sán kó ẹrù.

Èyí tó kàn ni ṣéènì, ibẹ̀ gan-an lowó ti ń jò. Ẹ gbé rúlà irin lé e, kí òdo wà láàárín píìnì kan, kẹ́ ẹ wá ka ojú ṣéènì 24. Ínǹṣì 12 géérégé ni ti tuntun máa ń jẹ́. Bó bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ínǹṣì lé sí i, ẹ pààrọ̀ ṣéènì nìkan. Bó bá lé tó ìdá kan nínú mẹ́jọ, ó ṣeé ṣe kó ti jẹ eyín fíríwíìlì ẹ̀yìn, tẹ́ ẹ bá so ṣéènì tuntun mọ́ ọn, á kàn máa fò ni. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ẹ má da ọ́ìlì dúdú tí wọ́n fà nínú mọ́tò sí i mọ́, iyanrìn ló ń kó jọ, iyanrìn yẹn ló sì ń jẹ ṣéènì. Ẹ fi àkísà nù ún, kẹ́ ẹ kán ọ́ìlì tó mọ́ sí i díẹ̀, kẹ́ ẹ sì nu èyí tó bá ṣẹ́kù síta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ẹja, ẹ tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ agbọ̀n, torí omi yìnyín tó ń kán lé ṣéènì ń mú un dípẹtà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra táyà, ẹ wo nọ́ńbà ara ẹ̀. Táyà kẹ̀kẹ́ onígíà àtijọ́ oní-26 máa ń jẹ́ 559, tí oní-29 òde òní jẹ́ 622, ti Raleigh oní-28 àwọn bàbá wa sì jẹ́ 635. Wọn kì í wọ ríìmù ara wọn. Tó bá jẹ́ ọ̀nà ọ̀dà lẹ sábà máa ń gbà, ẹ ra èyí tí eyín ẹ̀ ò ga, ẹsẹ̀ yín á fúyẹ́.

Ẹ lè wá mú kẹ̀kẹ́ náà dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó ń kó ẹrù nílò bíréèkì tó mú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí bíréèkì àtijọ́ sí V-brake, ẹ pààrọ̀ ọwọ́ bíréèkì pẹ̀lú ẹ̀, torí tàtijọ́ kì í fa wáyà tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú gíà mẹ́ta iwájú: bí ọ̀nà yín bá tẹ́jú, ọ̀kan ti tó, nǹkan tó ń bàjẹ́ á sì dín kù.

Lákòótán, ẹ kọ iye gbogbo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rà sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi owó iṣẹ́ kún un, kẹ́ ẹ tún fi èrè tẹ́ ẹ máa pàdánù lọ́jọ́ tí kẹ̀kẹ́ bá sùn sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe kún un. Bí gbogbo ẹ̀ ò bá tó ìdajì owó kẹ̀kẹ́ mìíràn tó bá a dọ́gba, ẹ tún un ṣe. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí férémù sì ti sán, ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ fi rúlà wọn ṣéènì yín lónìí, kẹ́ ẹ tó wá owó òmíràn.