Omi Mímu Lórí Eré Ìje Ní Ìwọ̀n



Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ń sá ìje 42 kìlómítà ní Èkó. Bí ọmọ yín ní Ògèrè bá fẹ́ lọ síbẹ̀, ẹ ó sọ fún un pé kí ó mumi dáadáa. Ọ̀rọ̀ rere ni, ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n.

Iyọ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Ẹ mọ̀ pé ọbẹ̀ tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀ a máa tẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ń sáré fún wákàtí púpọ̀, tí ó ń mu omi ju bí òùngbẹ ti ń gbẹ ẹ́ lọ. Ọpọlọ rẹ̀ lè wú, ó sì lè kú.

Ní Boston, ní Amẹ́ríkà, ní 2002, àwọn dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ sárésáré 488 wò lẹ́yìn ìje. Iyọ̀ ti dínkù nínú ẹ̀jẹ̀ 13 nínú 100 wọn.

Àmì rẹ̀ ni orí fífọ́, èébì, ọwọ́ wíwú, ìsọkúsọ àti gìrì. Bí ẹ bá rí i, ẹ má fún un ní omi mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá.

Ẹ má sì po omi iyọ̀ fún un. Ní 2014, nígbà àrùn Ebola, àwọn kan mu ún ní ilẹ̀ wa, wọ́n sì kú. Kí ọmọ jẹun kí ó tó lọ, kí ó sì mumi bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ ẹ́.

Ẹ̀sìn wa kọ àṣejù nínú jíjẹ àti mímu. Ọlọ́run yóò dá àwọn ọmọ wa sí. Àmín.